Wọ́dà Tó Ń Kan Ilẹ̀kùn

Wọ́dà ni ọkọ mi, wọ́dà náà sì ni bàbá tó bí i. Láyé bàbá, ẹ̀wọ̀n gan-an ni wọ́n ń kó sí ẹlẹ́wọ̀n lẹ́sẹ̀, á máa dún woroworo, pàṣán á sì wà lára ògiri. Nígbà tó fi máa kan ọkọ mi, wọ́n ti kó ìyẹn lọ, ó ku kọ́kọ́rọ́. Òun ni wọ́n ṣe ń pè é ní Oníkọ́kọ́rọ́.

Àfi bí ọ̀gá tuntun ṣe dé, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan. Ó ní ibẹ̀ kì í ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n mọ́, ilé àtúnṣe ni. Kí wọ́dà tó ṣí yàrá ẹnikẹ́ni, kó kan ilẹ̀kùn, kí ẹni tó wà nínú ilé ní kó wọlé. Wọ́dà tó bá wọlé láìgbàṣẹ, kó bọ́ yúnífọ́ọ̀mù ẹ̀ sílẹ̀.

Ọkọ mi délé, kò lè jẹun.

"Ìyá ọmọ mi, èmi ni mo tì í mọ́lé, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Àyè wo ni mò ń tọrọ?"

"Bàbá wọn, ẹ ṣáà kàn án. Ọwọ́ yín ò ní kán."

"Tó bá ní kí n má wọlé ńkọ́?"

Mo bo oúnjẹ ẹ̀.

Kò pẹ́ náà ló ṣẹlẹ̀. Bàbá ẹlẹ́wọ̀n kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lánlọ́ọ̀dù, torí ó ti pẹ́ níbẹ̀ ju ọkọ mi lọ. Òfin tuntun ní kí wọ́n dá a sílẹ̀, ọmọ ẹ̀ obìnrin sì ti ń dúró ní géètì. Ọ̀gá ní tí bàbá ò bá jáde kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì, kí ọkọ mi máa wáṣẹ́ mìíràn.

Ọkọ mi kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Lánlọ́ọ̀dù. Wọ́n ti dá yín sílẹ̀. Ṣé kí n wọlé?"

"Rárá."

"Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ má fi mí ṣeré."

"Ìwọ lo bi mí, mo sì dá ẹ lóhùn."

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Tó bá wọlé, iṣẹ́ lọ. Tí kò bá wọlé, iṣẹ́ lọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tó ṣe, bàbá ní, "Ṣé o ti lọ?"

"Mo wà níbí."

"O ò sì wọlé?"

"Ẹ ní kí n má wọlé."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Wọlé, ọmọ mi."

Ó ti wọ bàtà, ó ti di ẹrù ẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tóun ti débẹ̀, òun ò tíì sọ pé rárá kí ẹnì kan gbà, òun fẹ́ tọ́ ọ wò kóun tó lọ. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́, àmọ́ ọkọ mi ló bá a gbé àpò dé géètì.

Iṣẹ́ ò bọ́. Èmi lọ̀rọ̀ wá dojú rú fún. Láti ọjọ́ náà, yàrá tí àwa méjèèjì jọ ń sùn, ó ń kan ilẹ̀kùn ẹ̀ kó tó wọlé. Lánàá, mo ní rárá, kí n fi dá a lápàárá. Mo gbọ́ tó rọra jókòó sílẹ̀ níta. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń wo ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́, mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mo tì í mọ́ ọn síta ni, àbí òun ló tì í mọ́ mi sínú.