Ìbọn Tí Ìyàwó Mi Yàn

Ọjọ́ Túsìdeè kan, láago mẹ́wàá àárọ̀, àwọn olè fọ́ ilé tó wà lẹ́yìn tiwa ní Springdale, nílùú òyìnbó. Wọ́n kó tẹlifíṣọ̀n, wọ́n kó fídíò, wọ́n sì gbé fìríìsà kékeré tó wà ní bẹ́ẹ̀sìmẹ́ǹtì, yàrá abẹ́ ilé. Kí wọ́n tó gbé e, wọ́n kó ẹran inú rẹ̀ jáde, wọ́n tò ó sínú síǹkì. Nígbà tí ìyá onílé fi máa dé láti ibi iṣẹ́, yìnyín ti yọ́ lára ẹran náà. Ó sè é, ó sì bù fún wa nínú rẹ̀. Ibi tí a ti ń jẹ ẹ́ ni mo ti pinnu pé a gbọ́dọ̀ ní ìbọn nílé.

Ó kù bí ọdún mẹ́rin nígbà náà kí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì pé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ṣe láti ọ́fíìsì kan dé òmíràn. Ẹni tó bá pẹ́ lẹ́nu irú iṣẹ́ yẹn á gbà pé kò sí ohun tí ìwé àlàyé kò lè yanjú. Mo ra ìwé ìròyìn àwọn oníbọn, mo fi oṣù mẹ́ta kà wọ́n. Ṣọ́ọ̀tì-gọ́ọ̀nù ni mo fẹ́, ìbọn tó máa ń da ọta wẹ́wẹ́ púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo kọ́ pé ọ̀kan wà tí èèyàn á fọwọ́ fà sẹ́yìn kó tó lè yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, òmíràn sì wà tó ń ṣe é fúnra rẹ̀. Mo kọ́ pé nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe bí ẹnu ìbọn ṣe fẹ̀ tó, àti pé nínú ìṣirò wọn, méjìlá tóbi ju ogún lọ. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí rẹ̀.

Alàájì kan wà ní mọ́ṣáláṣí wa tó ti ṣe sójà ní Nàìjíríà. Mo lọ bá a lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan.

"Méjìlá ni kóo rà," ni Alàájì wí, kò tiẹ̀ rò ó rárá. "Kó sì gùn dáadáa. Olè tó bá rí ìbọn gígùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa bá sọ̀rọ̀."

Mo ra méjìlá. Ó gùn dáadáa.

Nọ́ọ̀sì pàjáwìrì ni ìyàwó mi, iṣẹ́ alẹ́ ló sì ń ṣe. Láàárọ̀ Sátidé tí mo fẹ́ fi ìbọn náà hàn án, kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ó dúró, ó wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ìgbà tó ń wo aláìsàn tuntun.

"Ta lẹ rà á fún?"

"Fún ilé."

"Olè ẹ̀yìnkùlé wa, aago mélòó ló wá?"

"Aago mẹ́wàá àárọ̀."

"Níbo lẹ máa ń wà láago mẹ́wàá àárọ̀?"

"Ibi iṣẹ́."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n á wà ní sùkúù."

"Ta ló wá kù nílé?"

Nínú gbogbo ìwé tí mo kà fún oṣù mẹ́ta, ìbéèrè yẹn kò sí níbẹ̀.

Mo yẹ ìbọn náà wò lẹ́ẹ̀mejì pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, mo gbé e fún un. Ó gbé e sí èjìká. Ìdí ìbọn ta jáde lábẹ́ abíyá rẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò sì dé ibi tí wọ́n ti ń fà á sẹ́yìn. Ó gbé e lọ sí kọ́rídọ̀, ó gbìyànjú láti yí padà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Ẹnu ìbọn kan ògiri ọ̀tún, ó kan tòsì, ó há.

"Mo ti rí i," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n lọ sùn."

Nígbà tó di Sátidé kejì, a dá ìbọn náà padà síbi tí mo ti rà á. Alàájì ní òun á bá wa lọ, kí wọ́n má bàa rẹ́ wa jẹ. Bàbá arúgbó kan tó wọ jígí tó nípọn ló ń tajà níbẹ̀. Ìyàwó mi kò wo ìbọn kankan. Ìbéèrè ló kọ́kọ́ bi í.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọta tó bá tàsé, ibo ló ń lọ?"

Bàbá náà bọ́ jígí rẹ̀, ó nù ún. Ó ní kò wọ́pọ̀ kí oníbàárà bi òun ní ìyẹn. Ó ní ògiri inú ilé tiwa níbí, bí páálí ló rí, ọta á gba inú rẹ̀ kọjá, kó tó dúró ó di inú yàrá kejì. Nítorí náà, kí èèyàn tó yan ìbọn, kó kọ́kọ́ yan ibi tí òun máa dúró sí, kó sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn ibi tí òun máa kọjú sí. Ìyàwó mi ronú díẹ̀. Ó ní bí òun bá wà lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, bíríkì ìta ló wà lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn, kì í ṣe yàrá àwọn ọmọ. Bàbá náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Láti ìgbà yẹn lọ, ìyàwó mi nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ogún ló fún un, ọ̀pá rẹ̀ kúrú, ìdí rẹ̀ náà sì kúrú. Ó wọ̀ ọ́ léjìká bí ẹni pé wọ́n gba ìwọ̀n rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Pápá ìyìnbọn wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà, a dí etí, a lọ gbìyànjú rẹ̀. Ó yin márùn-ún, mẹ́rin bá páálí tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Èmi yìn ín, mo bá páálí ẹlòmíràn. Alàájì ní kí wọ́n fún òun ní méjìlá. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan, fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó sì rọra gbé ìbọn náà sórí tábìlì.

"Alàájì, iṣẹ́ wo gan-an lẹ ṣe ní sójà?" ni ìyàwó mi bi í.

"Fèrè ni mo fọn. Ẹgbẹ́ olórin ni mo wà."

"Ìbọn ńkọ́, sà?"

"A máa ń rí i lọ́wọ́ àwọn tó kù."

Nínú ọkọ̀, lẹ́yìn tí a já Alàájì sílẹ̀ nílé rẹ̀, ìyàwó mi ní, "Ẹ̀yin ò tíì rí ohun tí nǹkan yìí ń ṣe fún èèyàn. Èmi ni mo máa ń fi síísọ̀sì gé aṣọ kúrò lára wọn."

"Kí ló wá dé tóo fi rà á?"

"Torí èmi nìkan ló ń sùn sínú ilé yẹn lójú mọmọ. Ṣùgbọ́n mi ò kàn ní gbé e sílé kí n máa wò ó. Mo máa kọ́ ọ."

Ó kọ́ ọ lóòótọ́. Ẹgbẹ́ kan wà tó máa ń ṣe ìdíje lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Wọ́n á fi pákó ṣe yàrá àti ẹnu ọ̀nà, wọ́n á gbé àwo irin àti àwòrán èèyàn tí wọ́n fi páálí gé sínú rẹ̀. Páálí kan á mú ìbọn lọ́wọ́, òmíràn á mú ìwé tàbí tẹlifóònù. Èèyàn á máa rìn, á máa yìn, wọ́n á sì máa ka ìṣẹ́jú sí i lọ́rùn. Àwa méjèèjì kópa. Ìyàwó mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹni ìkẹyìn, torí gbogbo páálí ló ń wo ọwọ́ rẹ̀ kó tó yìn. Kò yin aláìṣẹ̀ kankan. Èmi yára dáadáa. Mo pa obìnrin kan tó mú àpò ọjà dání, mo sì pa ọkùnrin kan tó ń tẹ tẹlifóònù. Mi ò padà lọ kópa mọ́. Mo ń bá wọn ṣa ìdí katiríìjì, èèpo ọta tí wọ́n ti yìn, nílẹ̀.

Àpótí irin onínọ́ńbà ni ìbọn náà ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, àwa méjèèjì nìkan la sì mọ nọ́ńbà rẹ̀.

Ó lé lọ́dún kan kí bípà mi, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń pe èèyàn, tó dún láàárọ̀ Tọ́sìdeè kan níbi iṣẹ́. Mo pe ilé.

"Ẹ máa bọ̀," ni ìyàwó mi wí. "Nǹkan kan ò ṣe mí."

Nígbà tí mo dé, ọlọ́pàá méjì wà ní kíṣìnì, ìyàwó mi sì ń gbá gíláàsì. Ó ní oorun ni òun wà tí òun gbọ́ tí gíláàsì ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fọ́. Òun ti ilẹ̀kùn yàrá, òun pe ọlọ́pàá, òun ṣí àpótí, òun kúnlẹ̀ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì. Ẹsẹ̀ ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Òun pariwo pé òun ní ìbọn lọ́wọ́, pé ẹni náà kò gbọdọ̀ gùn ún dé òkè. Ẹ̀yìn tí òun pariwo tán ni òun mọ̀ pé Yorùbá ni òun fi sọ ọ́.

Ẹsẹ̀ dúró. Ohùn àgbàlagbà ọkùnrin kan fi Yorùbá dáhùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "Ẹ má bínú, mà. Mo rò pé kò séèyàn nílé ni." Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba ibi tó gbà wọlé jáde.

Ọlọ́pàá kan ní kí ìyàwó mi tún ohun tó pariwo sọ ní Yorùbá, kí òun gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó ní òun kò lè tún un sọ.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó jókòó, ó sunkún díẹ̀, kò pariwo. Mo se tíì fún un.

"Ìka mi wà níta," ni ó wí. "Mo wò ó. Kò sí níbi tí wọ́n ti ń fà á kó tó yìn."

"O ṣeun."

"Àyà olè náà ni ǹ bá yìn. Mo mọ orúkọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan."

Mo dì í lọ́wọ́ mú títí tíì náà fi tutù. Lẹ́yìn ìyẹn ó wẹ̀, ó kírun, ó sùn fún wákàtí méjì, ó sì lọ síbi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, torí nọ́ọ̀sì méjì ni kò lè wá. Mo kan pákó mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní gíláàsì ló fọ́.