Àpò Erùpẹ̀ Ọ̀gán Tí Mo Gbé Lọ sí Pápá Ìbà

Ẹ̀yin ará Ìṣẹ́yìn, ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí mo jáde nílé. Àkùkọ kan ṣoṣo ló rí mi, òun náà sì fi mí rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹlòmíràn a máa gbé iṣu lọ sí Èkó, wọn a máa gbé ẹlùbọ́. Èmi, àpò erùpẹ̀ mẹ́jọ. Ràsákì, awakọ̀ tó ń kó pákó lọ sí Òkókómáíkò, tan tọ́ọ̀ṣì wo inú àpò, ó tún tàn án wo ojú mi.

"Tíṣà, ṣé erùpẹ̀ ti tán l'Ékòó ni?"

"Yanrìn ló wà níbẹ̀. Erùpẹ̀ ọ̀gán nìyí. Àwọn òyìnbó ló fẹ́ wá wò ó."

"Háà! Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ní òkúta nílé o."

Kí n yáa ṣàlàyé kí ẹ̀yin náà tó bẹ̀rẹ̀ tiyín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Fúnkẹ́, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní eré ìdárayá, ń gbé ní ẹ́sítéètì ìjọba ní Ìbà. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìntì ló ti ń tọ́jú ilẹ̀ kan nítòsí ibẹ̀, tí wọ́n fẹ́ sọ di pápá kíríkẹ́ẹ̀tì, níbi tí orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè yóò ti máa figagbága. Kíríkẹ́ẹ̀tì ni eré tí ẹnì kan ti ń ju bọ́ọ̀lù líle, tí ẹnì kejì ń fi igi pẹlẹbẹ gbá a, tí àwọn yòókù sì dúró sínú oòrùn bí ẹni tó ń dúró de ogún. Láàrin pápá ni ojú ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní wíkẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ti ń balẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ onígi. Ó gbọ́dọ̀ le, ó gbọ́dọ̀ tẹ́jú, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ilẹ̀. Láìsí i, koríko lásán ni gbogbo ìyókù.

Yanrìn agbègbè Ọ̀jọ́, níbi tí Ìbà wà, kò lè ṣe é. Ìgbà náà ni Àǹtí rántí ààrò ìyá wa, tí wọ́n fi erùpẹ̀ ọ̀gán mọ, tí òjò rọ̀ títí tí kò yìnrìn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi erùpẹ̀ ránṣẹ́, tí òun ń pò ó, tó sì ń yí dúrọ́ọ̀mù tó rọ kọnkéré kún lé e lórí. Lọ́jọ́ kejì ìrìn àjò mi yìí ni àwọn aṣàyẹ̀wò máa dé láti òkè òkun. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, pápá ti di pápá nìyẹn. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, ó parí. Àpò mẹ́jọ tèmi, àwọn ibi tó sán ni a fẹ́ fi dí.

Títí dé Abẹ́òkúta, mo ráyè tòògbé. Lẹ́yìn Ìfọ̀, orí mi àti òrùlé ọkọ̀ ń kíra wọn. Ní Ṣángò a jẹ ẹ̀wà àgọ́yìn, tí wọ́n sè títí tó fi yọ́, tí wọ́n wá da ata dúdú bí ọ̀dà lé lórí. Ẹgbẹ̀rún kan náírà fún àwo kan tí ọmọ wa ò ní yó! A gba Ìgàǹdó já sí ọ̀nà yunifásítì, níbẹ̀ ni mo ti ṣàkíyèsí pé ará ibí kò fẹ́ràn ilẹ̀ rárá. Ojúlé, ṣọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀bù, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi òkúta pẹlẹbẹ tó há mọ́ra bò. Intalọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é. Lọ́dọ̀ tiwa, gbígbá ni ẹwà àgbàlá. Níbí, ẹni tí kò bá tíì ní intalọ́ọ̀kì, kò tíì kọ́lé tán.

Àǹtí dúró lẹ́nu géètì pápá nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, báàgì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àpéjọ àdúrà ìjọ wọn ló ti ń bọ̀. Ó lọ gbààwẹ̀ nítorí pápá yìí.

"Àǹtí, ẹ kú àbọ̀ o! Mo ti gbé ilé àwọn ikán wá fún yín."

 Ó kàn nawọ́ sí àárín pápá. Intalọ́ọ̀kì! Pupa àti àwọ̀ eérú, wọ́n tò ó ní bátànì, wọ́n sì fi ọ̀dà funfun kun etí rẹ̀.

Kọ́lá tó jẹ́ fóòmánù àwọn òṣìṣẹ́ pápá sáré dé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì! Sọ̀páráìsì ni o! Họ́nọ́rébù tó ń ṣojú àdúgbò wa ló ní ká ṣe é fún yín, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Wọ́n ní ojú ń ti àwọn, koríko rẹwà, ilẹ̀ wá sán láàrin, bíi pé a ò parí iṣẹ́."

"Kọ́lá, ta lẹ bi?"

"A pè yín títí, fóònù yín ò lọ. Wọ́n ní ẹ wà lórí àdúrà."

"Ẹ hú u."

Ẹ̀rín Kọ́lá tán. "Mọ́mì, a ti da kọnkéré sábẹ́ ẹ̀. Kó má baà máa mì."

Ẹnu mi tí ẹ mọ̀ yìí ò gbélé. "Àǹtí, ó kéré tán, èèyàn lè páàkì mọ́tò síbẹ̀."

"Àkàndé, dákẹ́."

 A fi dígà lu òkúta náà títí oòrùn fi wọ̀. Dígà ló tẹ̀.

Láàárọ̀, àwọn aṣàyẹ̀wò dé, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Obìnrin náà yọ bọ́ọ̀lù, ó jù ú mọ́lẹ̀. Bọ́ọ̀lù kọ etí òkúta, ó yà bàrá, ó di inú gọ́tà. Obìnrin náà wojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè ẹni tó ṣe é. Họ́nọ́rébù, tó ti wá pàdé wọn, gbé apá agbádá lé èjìká, ó rẹ́rìn-ín músẹ́: "Èmi ni." Ó rò pé wọ́n fẹ́ dúpẹ́ ni.

Obìnrin náà wá rọra sọ fún Àǹtí pé àfi kí wọ́n hú u látìsàlẹ̀, kí wọ́n tún fi ọdún mélòó kan tẹ ilẹ̀ náà, àwọn kò sì lè dúró, àwọn ní ibòmíràn láti wò. Wọn ò tiẹ̀ mu màáòtì tí a rà.

Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí oníṣòwò kan fi dé láti Ọjà Àlàbá, ó ń bi Kọ́lá iye tí wọ́n máa gbà bí òun bá ń já kọnténà síbẹ̀. "Ilẹ̀ yín yìí mà le o," ló wí. Àwàdà mi àná ti di òwò. Àǹtí gbọ́ ọ, ó yíjú sí mi.

"Àkàndé, gbé erùpẹ̀ ẹ padà. Mi ò fẹ́ máa rí i."

Nígbà tí Ràsákì padà wá gbé mi, ó rí àpò mẹ́jọ, ó bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà, wọn ò rà á?"  Títí a fi dé Ìṣẹ́yìn, mi ò bá a ṣeré kankan.

Nígbà tí mo délé, mo lọ wo ọ̀gán tí mo ti wú erùpẹ̀ náà. Àwọn ikán ti ń mọ ọ́n padà, erùpẹ̀ tín-ín-tín lórí erùpẹ̀ tín-ín-tín, wọn ò sì bi ẹnikẹ́ni. Àánú wọn ṣe ìyàwó mi. Ó fa àpò kan, ó ń tú ẹnu rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká dà á sí i fún wọn," ló wí, "kó lè yá."

Ariwo tí mo pa, ẹ ti gbọ́ ọ títí dé ọjà. "Gbé e sílẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ràn wọ́n lọ́wọ́!"