Dúdú àti Funfun Lójú Ìyá Ọkọ Mi

Ọjọ́ tí ìyá àfẹ́sọ́nà mi fẹ́ kọ́kọ́ wá wò mí, bóyá màá lè ṣe ìyàwó ọmọ òun, n ò rí nǹkan míì gbé kọ́ ara ògiri yàrá mi ní Yábà àfi iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo fín igun mẹ́ta-mẹ́ta sára pákó, mo fi íǹkì kùn ún, mo wá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà: apá kan dúdú, apá kejì funfun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti yìn ín títí orí mi fi wú.

Àfẹ́sọ́nà mi lọ pàdé màmá ní Jíbówú, níbi tí ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ já wọn sí. Bí wọ́n ṣe wọlé, mo kúnlẹ̀, mo gbé omi fún wọn. Wọn ò tíì mu ún dé ìdajì tí wọ́n fi ń fi àgbọ̀n júwe ògiri.

"Kí nìyẹn?"

Ọlọ́gbọ́n á ní, "Ọnà ni, mà," á sì lọ gbé oúnjẹ. Èmi ńkọ́? Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo ní kò sóhun tó dá wà láyé, gbogbo nǹkan ló ní èkejì, àwọn méjèèjì sì dọ́gba nínú ilé kan náà.

Àfẹ́sọ́nà mi wúkọ́. Mo rò pé eruku ni. Ó tún wúkọ́, mo wá rántí pé bàbá ẹ̀ ti fẹ́yàwó lé màmá yìí, pé orogún ló wà nílé ńlá báyìí, màmá ti kó jáde. Yéè! Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Màmá ò pariwo. Wọ́n dìde, wọ́n sún mọ́ ògiri.

"Íǹkì lo fi kun dúdú yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Funfun ńkọ́?"

"N ò fi nǹkan kan kùn ún, mà. Ibi tí mo fi ọ̀bẹ gé kúrò lára pákó ni. Íǹkì ò débẹ̀."

Wọ́n fi ìka kan ibi funfun náà, wọ́n ò sì tètè gbé e kúrò.

"O gé e kúrò," wọ́n ní, "o wá ní wọ́n dọ́gba."

Ojú tì mí, àánú wọn sì ṣe mí gan-an. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí n yọ ọ́ kúrò lára ògiri.

"Fi sílẹ̀." Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. "Ìwọ, sún mọ́bí. Ìyàwó mi nìyí. Má gé e kúrò o."