Ibi Tí Bíntà Ń Sùn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí síta, torí bí mo ṣe ń gbé e mì ló ń há mi lọ́fun.

Láti ìgbà tí mo ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú kékeré kan nítòsí Mápó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A máa ń kọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílùú wọn nípa ìlera. Lẹ́yìn kíláàsì, èmi ni mo máa ń wọ yàrá wọn lọ wò bóyá wọ́n so nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí a fún wọn. Ẹ mọ̀ mí, kò sí ohun tí kì í já mi láyà. Bí ọmọ ọlọ́mọ bá wúkọ́, èmi ni mi ò ní lè jẹun!

Ìyá Bíntà ń gbé nínú agboolé kan ní Bẹ́yẹrúnkà. Òkè Ọya ni ogun ti lé e wá, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Rábíù, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ibà sì ti dá a dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yẹn, díẹ̀ ló kù kó gbé e lọ.

Bí mo ṣe wọ agboolé lọ́jọ́ náà, Alhaja onílé ti bẹ̀rẹ̀: "Dókítà kékeré, o tún dé! Ṣé ẹ̀fọn ló gbà ẹ́ síṣẹ́ ni?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Àwọn ló ń bọ́ mi, mà." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Mo wọ yàrá. Nẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìyá Bíntà so ó dáadáa, ó ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹní bí mo ṣe kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀! Ìró kan tí wọ́n ká ló wà níbẹ̀, àti sálúbàtà ọmọdé. Rábíù sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ojú ibi tí ẹ̀fọn jẹ kún apá rẹ̀.

Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá náà ẹni tó ń sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Ó ní Bíntà ni.

Bíntà dà? Ó ní ó ń bọ̀.

Ó wá rọra ṣàlàyé. Nígbà tí wọ́n ń sá, Rábíù wà lẹ́yìn rẹ̀, òun sì di Bíntà lọ́wọ́ mú. Èrò ya lù wọ́n. Nígbà tó máa fi wo ọwọ́ rẹ̀, kò sí ọmọ níbẹ̀ mọ́.

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Nẹ́ẹ̀tì ti tán ní ọ́fíìsì, n ò sì mọ ìgbà tí òmíràn máa dé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí Rábíù wọ abẹ́ èyí tó wà. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Àǹtí, ẹni tó bá kú ni wọ́n ń pín ẹrù ẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ ká pín ẹrù Bíntà ni?"

Mi ò lè sọ pé ọmọ náà ti kú. Ta ló sọ fún mi? Mi ò sì lè sọ pé ó máa dé; ta ló sọ ìyẹn náà? Ṣùgbọ́n bí ibà bá tún gbé Rábíù ṣánlẹ̀ ńkọ́? Ni mo bá gbọ́ ohùn ara mi: "Ẹ má pín in, mà. Ẹ jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ máa bá a ṣọ́ ọ."

Lẹ́yìn náà ó gbé Rábíù, ó ká nẹ́ẹ̀tì sókè, ó tẹ́ ọmọ náà sí etí ẹní pátápátá, ó fi èyí tó kù sílẹ̀ lófìfo.

Láti ìgbà náà, ibà ò tíì padà. Ó yẹ kínú mi dùn, àbí? Ó dùn, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà lọ kí wọn, mo fẹ́ jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rábíù. Ọmọ náà figbe ta: "Ẹ má jókòó síbẹ̀! Bíntà ló ń sùn níbẹ̀!"

Ọmọ tí kò lè rántí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀! Èmi ni mo fi í ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí mo bá dijú báyìí, ẹní yẹn ni mò ń rí.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé, ká tó bínú sí ẹni tí kò lo ohun tí a fún un, ká kọ́kọ́ béèrè ẹni tí kò sí nínú yàrá. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ kan rí tó gba ẹnìkan là, síbẹ̀ tí ọkàn yín ò balẹ̀ lórí ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Mi ò fẹ́ dá nìkan gbé e.