Fọ́ọ̀mù Kejì

Obìnrin tó ń fọ aṣọ ibùsùn nílé ìwòsàn yìí, òun ló ń gba ipò kìíní ní kíláàsì nígbà kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fi fọ́ọ̀mù méjì sílẹ̀ fún bàbá ẹ̀, wẹ́dà tó ń jó irin, pé kó buwọ́ lù wọ́n: ti ìrànwọ́ ìjọba, tó ń béèrè iye tó ń wọlé fún òbí, àti ti ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ń rán olórí pípé lọ sí yunifásítì.

Nígbà tí ọmọ náà padà dé, bàbá ju ti ìjọba sí i. “Kí n máa ka ohun tó wà lápò mi fún ìjọba? Láéláé!”

Ọmọ náà rò pé láìsí ti ìjọba, ilé-iṣẹ́ náà ò ní gba òun: ẹni tíjọba ò bá mọ̀, ta ni yóò mọ̀ ọ́n? Ìbínú ò jẹ́ kó wo èkejì tó wà lórí tábìlì. Ó kó méjèèjì sísàlẹ̀ àpótí, ó sì bá bàbá yan odì fógún ọdún.

Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá, ó tú àpótí. Fọ́ọ̀mù kejì ní: “A kò béèrè fọ́ọ̀mù ìjọba.” Bàbá ti buwọ́ lù ú, ìdọ̀tí ọwọ́ wẹ́dà ṣì wà lára ìwé.