Ọjọ́ Tí Ta-ló-rí-i Ní Kí Ara Rẹ̀ Lọ Rọ́kún Nílé

Òjò ń rọ̀, Ta-ló-rí-i sì dúró síta géètì ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó ń na ọrùn wo inú. Àwọn tó ń kọjá rò pé wọ́n lé e jáde ni. Wọ́n lé e lóòótọ́. Òun ló lé ara rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ wọlé, òjò ń pa yín," ni Pẹ́ńtà, òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó ń kun mọ́tò, ké sí i láti abẹ́ páànù.

"Ṣé ọjọ́ mi ti pé ni? O kàn fẹ́ kí n wọlé kó o lè lọ rojọ́ mi ni. Padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ! Ta ló ń ṣọ́ mọ́tò pupa yẹn?"

Ibí yìí ni gbogbo èèyàn máa ń gbádùn jù nínú ìtàn náà, àmọ́ ó níbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Mẹkáníìkì gidi ni olóògbé Ta-ló-rí-i. Àìsàn kan ṣoṣo tó ní ni ìfura. Bí ẹ bá kí i káàárọ̀, á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn yín bóyá ẹ mú ẹnì kan dání. Ohun yòówù kí ẹ sọ fún un, ìbéèrè kan náà ló máa bi yín: "Ta ló rí i?" Bó ṣe gba orúkọ nìyẹn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ lọ́yà, ló wá dá kún un. Obìnrin náà sọ fún un pé mọ́tò tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ló wà, òun ni òfin máa bi bí nǹkan bá ṣe é. Láti ìgbà náà, kò sí oníbàárà tó lè gbé mọ́tò sílẹ̀ kó máa lọ. Wọ́n á bá a rìn yí mọ́tò ká, wọ́n á sì fẹnu ara wọn ka gbogbo ibi tó ti họ, sókè, kí aládùúgbò lè gbọ́. Ọkùnrin kan gbé tirẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ ń sùn lórí àga ẹ̀yìn mọ́tò.

"Mọ́tò ni mo gbà o, mi ò gba màmá," ni Ta-ló-rí-i wí. "Ẹ jí wọn, kí n rí i pé kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n, kí n tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn."

Màmá jí, kò sì sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Èpè tí wọ́n ṣẹ́ fún un, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni plọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì tuntun tí oníbàárà kan fi sọ́wọ́ rẹ̀ di àwátì. Pẹ́ńtà nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọ̀gá sì ti dájọ́: Pẹ́ńtà ló gbé e, kó máa lọ. Nígbà tí Pẹ́ńtà gbọ́, ó gbé ìbọn tó fi ń fọ́n ọ̀dà sílẹ̀, ó sáré pe lọ́yà. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ta ló sì fẹ́ gba ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ lé fún olè síṣẹ́?

Lọ́yà sáré dé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lè lé e bẹ́ẹ̀ yẹn. Òfin ní kẹ́ ẹ sọ ẹ̀sùn ẹ̀ fún un, kẹ́ ẹ fún un láyè kó rò ó, kó mú ẹnì kan tó máa bá a jókòó wá, kẹ́ ẹ wá gbọ́ tẹnu ẹ̀."

"Ta ló ṣe òfin yẹn? Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pẹ́ńtà ni."

"Bẹ́ ẹ bá kọ̀, adájọ́ lẹ máa lọ bi léèrè."

Ọ̀gá gbà, ó ń kùn. Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n kóra jọ sí yàrá kékeré ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Lọ́yà jókòó sórí àga mọ́tò àlòkù tí ọ̀gá sọ di àga àlejò. Pẹ́ńtà mú ìyàwó rẹ̀ wá, obìnrin náà pọn ọmọ. Ta-ló-rí-i tẹjú mọ́ ọmọ náà.

"Ẹnì kan lòfin wí. Mo rí méjì."

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ jòjòló mà nìyẹn."

"Kó máà dá sí ọ̀rọ̀ náà ṣá."

Lọ́yà bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. "Ta ló mú plọ́ọ̀gì náà lọ́wọ́ kẹ́yìn?"

"Èmi ni," ni ọ̀gá dáhùn.

"Ibo lẹ gbé e sí?"

"Ibi tólè ò lè dé."

"Ibo nìyẹn?"

"Tí mo bá sọ ọ́ níbí, ṣé wọn ò ní mọbẹ̀ ni?"

Ojú ọ̀gá rọra lọ sórí àga tí àbúrò rẹ̀ wà.

"Dìde," ló wí fún un. Ó ki ọwọ́ bọ inú fóòmù àga náà, ó sì fa plọ́ọ̀gì jáde tòun ti páálí rẹ̀.

Pẹ́ńtà bú sẹ́kún. Ẹ̀rín tí gbogbo wa ń fi ìtàn yìí rín, lẹ́yìn ẹkún náà ló dé.

"Má bínú," ni Ta-ló-rí-i sọ fún un. Ó wá yíjú sí lọ́yà. "Ìyẹn ò tó. Ká ní òun ló jẹ̀bi, ṣé má bínú ni mo máa gbà lọ́wọ́ ẹ̀?" Ó ní kí ẹni tó jẹ̀bi, ìyẹn òun fúnra rẹ̀, lọ rọ́kún nílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó kó kọ́kọ́rọ́ lé Pẹ́ńtà lọ́wọ́, ó sì jáde. Ilé ni kò lè jókòó sí. Ojoojúmọ́ ló ń wá dúró síta géètì, ó ń fura pé Pẹ́ńtà ti ń gbádùn kọ́kọ́rọ́ náà jù.

Nígbà tó wọlé padà, ó ṣe òfin tirẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣíwọ́, kálukú á tú àpò rẹ̀ sórí tábìlì iṣẹ́, ọ̀gá ló sì máa kọ́kọ́ tú tirẹ̀. "Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa," á ní. "Ẹ má wojú mi." Àwọn ọ̀gá mìíràn máa ń tú àpò òṣìṣẹ́ wọn. Tiwa ló ń bínú bí òṣìṣẹ́ ò bá yẹ àpò ọ̀gá wò.

Ọdún ń gorí ọdún, àìsàn sì dá a dùbúlẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Pẹ́ńtà, ó kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù fún un.

"Yẹ̀ wọ́n wò lójú mi."

Pẹ́ńtà yẹ̀ wọ́n wò. Ọ̀kan ṣàjèjì sí i. "Ọ̀gá, èyí ńkọ́?"

"Tilé mi ni. Ẹni tí mo bá ń fura sí, ó yẹ kó wà nítòsí." Ó wá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó ti pẹ́ tí mi ò ti fura sí ẹ mọ́. Má sọ fẹ́nì kankan."

Wọ́n sin ín, wọ́n tún ṣí ṣọ́ọ̀bù. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó Pẹ́ńtà wá pè é kí wọ́n jọ lọ sílé. Ó bá a nídìí tábìlì iṣẹ́, ọkọ rẹ̀ ti ọwọ́ bọ àpò, kò sì fà á yọ.

"Kí lò ń dúró dè?"

"Ọ̀gá ló máa ń kọ́kọ́ tú tiẹ̀," ni Pẹ́ńtà wí.

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé báàgì rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì dà á sílẹ̀ pátápátá.

"Ó yá," ló wí. "Tú tìẹ náà, ká máa lọ."