Ìka Magdalene ní Ìsàlẹ̀ Odò

Magdalene Akínrẹ̀mí kò fa téèpù fún ẹnikẹ́ni rí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ń rán sùtánà fún àwọn ọmọ ìjọ Aládùúrà ní Barking àti Dagenham nílùú òyìnbó, àtàgbà àtọmọdé. Ẹni tó bá bẹ̀ ẹ́ pé kó dín ìbàdí òun kù ní íǹṣì kan péré, èsì kan náà ló máa ń fún un: "Aṣọ náà ni yóò tú àṣírí rẹ, kì í ṣe èmi."

Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Thames View, òun lókè, èmi nísàlẹ̀. Mo mọ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ bí mo ṣe mọ ìró ìkòkò tèmi lórí iná. Nígbà tí ìró náà dákẹ́ lóṣù kìíní ọdún tó kọjá, mo ti mọ̀ pé nǹkan ṣe kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi.

Ọwọ́ ọ̀tún ni. Àlùmọ́gàjí tó ti ń dì mú láti ìgbà ọmọge ti jẹ́ kí iṣan kan há ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ìrora sì lọ. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e kò mọ nǹkan kan mọ́. Bó bá mú abẹ́rẹ́, àfi kó fojú wò ó kó tó mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ òun. Dókítà ní iṣan máa ń hù padà, ṣùgbọ́n ìrìn ìgbín ló ń rìn. Ó lè dé kí ọdún tó yí po, ó sì lè má dé mọ́.

Magdalene fi aṣọ funfun bo ẹ̀rọ náà. Ó pe ọmọ rẹ̀, Olúbùsọ́lá, tó ń gbé ní Chadwell Heath, ó ní bí ìkórè ìjọ bá dé lóṣù kẹsàn-án tí ìka òun kò tíì gbọ́ nǹkan kan, kó wá gbé ẹ̀rọ náà lọ fún àwọn ọmọge tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ nínú ìjọ.

"Mummy, ẹ ẹ̀ ṣe ní sùúrù?"

"Sùúrù náà ni mo dá ọjọ́ fún yẹn."

Láti ìgbà náà ló ti ń rìn lọ sétí odò láràárọ̀, nítorí ilé tí ẹ̀rọ ti dákẹ́ kò ṣeé jókòó sí. Ibẹ̀ ló ti bá Lùkmọ́nù lóṣù kẹta. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Lùkmọ́nù, ẹni àádọ́ta ọdún, mẹkáníìkì bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ tí iṣẹ́ ò bá sí, á gbé ọ̀pá ìpẹja rẹ̀, á lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri odò, á máa wá ẹja tí wọ́n ń pè ní báàsì, ẹja funfun kan báyìí tó ń dán bíi fàdákà, tó máa ń bá omi òkun wọ inú odò Thames. Ohun tó so mọ́ ìwọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Magdalene ń wò.

"Lùkmọ́nù, rọ́bà nìyẹn?"

"Rọ́bà ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Háà, ọmọ Ẹ̀pẹ́! Àwọn bàbá rẹ ń fi àwọ̀n kó ẹja inú ọ̀sà, ìwọ wá ń fi ohun ìṣeré ọmọdé pẹja nílùú òyìnbó."

"Ẹ̀yin ará Òdogbolú tó jẹ́ pé inú ìkọ́kọrẹ́ nìkan lẹ ti ń bá ẹja pàdé, kí lẹ mọ̀?"

Ó fún un ní ọ̀kan kó wò. Ẹja rọ́bà náà kò gùn ju ìka àárín lọ, ó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Òjé wà lórí rẹ̀ kó lè rì, ìrù rẹ̀ sì fẹ̀ ní ìparí bí àtẹ́lẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Lùkmọ́nù ní ká jù ú jìnnà, ká dúró títí yóò fi kan ilẹ̀ odò, ká wá máa ká okùn rẹ̀ wálé ní jẹ́jẹ́, kó máa wọ́ lórí ẹrẹ̀, kí ìrù rẹ̀ máa jù bíi ti ẹja kékeré tó ń wá oúnjẹ. Ìsàlẹ̀ níbẹ̀ ni báàsì ń lúgọ sí. Béèyàn bá yára ká a, ó ti léfòó kọjá lórí ẹja nìyẹn. Béèyàn bá sì lọ́ra jù, òkúta á gbé e.

Magdalene wo odò. Ó rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí.

"Kí lo wá fi ń mọ ibi tó wà?"

"Ìka yìí ni." Lùkmọ́nù na ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ tó fi tẹ okùn. "Bó bá ń wọ́ lórí ẹrẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń fa ṣíbí nínú ẹ̀kọ ni. Bó bá kan òkúta, á dún kó, kó. Bí ìrù rẹ̀ bá sì ń jù, ẹ óò gbọ́ ọ tó ń gbọ̀n lábẹ́ ìka, tín-ín-tín. Ojú ò wúlò níbí, Ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ la fi ń ríran."

Magdalene na ọwọ́ ọ̀tún.

"Gbé e fún mi."

Kò gbọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Kò gbọ́ lọ́jọ́ kejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún àkọ́kọ́, òkúta gba ẹja rọ́bà mọ́kànlá lọ́wọ́ rẹ̀. Lùkmọ́nù ti yọ̀ǹda ọ̀pá rẹ̀ kan tó ti gbó fún un, ó sì máa ń kí i báyìí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú bíbọ́ òkúta o."

Ó ra ẹja rọ́bà tirẹ̀, odidi àpótí kan. Lóṣù kẹfà, ó gbé àpótí náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wòlíì tan àbẹ́là yí i ká, ó gbàdúrà sí i, ó sì wọ́n lọ́fínńdà sí i dáadáa, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe sí ohun gbogbo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Lùkmọ́nù fi ń mú báàsì lápá ọ̀tún rẹ̀, tí ẹyọ ẹja kan ò fọwọ́ kan tirẹ̀. Ní ọjọ́ kan, afẹ́fẹ́ yí.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló fi lọ́fínńdà wẹ̀ níbí?"

"Wòlíì ló gbàdúrà sí wọn."

"Wọ́n gbàdúrà sí ẹja, wọ́n wá wọ́n lọ́fínńdà sí i? Ṣé ìgbéyàwó ló ń lọ ni? Báàsì nímú o, Ẹ̀gbọ́n! Ìyẹn máa rò pé òyìnbó ṣubú sódò ni."

Magdalene ká okùn rẹ̀, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sílé. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi yọjú. Lọ́jọ́ karùn-ún ó padà wá, ó ní, "Mo ti rò ó wò. Àṣìṣe tèmi ni. Ọwọ́ ló yẹ kí n gbé lọ gbàdúrà sí, àpótí ni mo gbé lọ." Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó gbé ọwọ́ náà lọ. Ní ti àwọn ẹja rọ́bà, ó ní ohun tí wọ́n ti gbàdúrà sí kò ṣeé sọ sí ààtàn. Ó so wọ́n rọ̀ sáàárín àwọn aṣọ funfun rẹ̀. Títí di òní, bí ẹ bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù Magdalene, ẹja mẹ́sàn-án ni yóò kọ́kọ́ kí yín.

Rọ́bà tí kò lóòórùn ló wá ń lò. Ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ṣùgbọ́n Lùkmọ́nù ló ń rí i lórí ọ̀pá rẹ̀, òun ló ń pariwo, "Ó ti jẹ! Ó ti jẹ!" Kí Magdalene tó gbé ọ̀pá sókè, ẹja ti tu rọ́bà dànù. Ó sọ fún mi nígbà kan lórí àtẹ̀gùn pé kò sí ìtìjú tó tó kí ẹlòmíràn máa sọ fún ọ ohun tó wà lọ́wọ́ ara rẹ.

Báyìí la ṣe dé Sátidé tó ṣáájú ìkórè. Olúbùsọ́lá ti ní òun ń bọ̀ láago méjì ọ̀sán láti wá gbé ẹ̀rọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ létí odò láàárọ̀ ọjọ́ náà, mi ò sí níbẹ̀. Mo bi Magdalene, mo sì bi Lùkmọ́nù lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu kí n tó kọ ọ́.

Omi ń kún bọ̀. Magdalene ní, "Lùkmọ́nù, kọ ẹ̀yìn sí mi."

"Kí ni mo ṣe?"

"Bí o bá rí i, o ò ní lè pa ẹnu mọ́. Kọ ẹ̀yìn sí mi."

Lùkmọ́nù kọjú sí ògiri bí ọmọ iléèwé tí wọ́n fìyà jẹ. Magdalene di ojú. Ó jù ú nígbà mẹ́fà, kò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀keje, ó dà bí ẹni pé èèrà kan ń rìn lábẹ́ ìka ìlábẹ̀ rẹ̀. Ó rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Ó dáwọ́ kíká dúró. Èèrà náà dúró. Ó tún ká a. Èèrà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dán an wò bẹ́ẹ̀, nítorí kì í gba nǹkan gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìrù rọ́bà ni. Ó ń gbọ̀n bí ẹ̀rọ ìránṣọ téèyàn rọra ń fẹsẹ̀ tẹ̀.

"Òkúta," ló sọ jáde.

"Kí lẹ wí, Ẹ̀gbọ́n?"

"Mo ní òkúta. Má yíjú." Ó ká a díẹ̀ sí i. "Ẹrẹ̀ nìyí."

Lùkmọ́nù ní gbogbo irun ara òun ló dìde. Ògiri ni òun ń wò, ṣùgbọ́n òun ò rí ògiri kankan.

Lójijì, gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan kan ọwọ́ rẹ̀, gbọ̀n-ọ́n, bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ẹja," ni Magdalene wí, ó sì gbé ọ̀pá sókè.

Bí ẹ bá rí Lùkmọ́nù lọ́jọ́ náà! Ó ń sáré, ó ń ṣe Allāhu Akbar, ó ń wá àwọ̀n tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Magdalene ń kọ Halelúyà, ó ń ká okùn, ọ̀pá tẹ̀ kọdọrọ. Nígbà tí wọ́n gbé báàsì náà sílẹ̀, tó ń ju ìrù lórí koríko tútù, àwọn méjèèjì wo ara wọn.

Òfin ni pé báàsì tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà méjìlélógójì gbọ́dọ̀ padà sómi. Magdalene yọ téèpù ọrùn rẹ̀, èyí tí kò fi wọn ẹnikẹ́ni láti oṣù kìíní. Mọ́kànlélógójì àti ààbọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fa téèpù yẹn díẹ̀."

"Rárá."

"Ìrù rẹ̀ ló ká. Ẹ bá a tọ́ ọ."

"Mo ti tọ́ ọ. Mi ò fa téèpù fún ìyàwó Wòlíì, ẹja ni n ó wá fà á fún?"

Ó gbé e lọ́wọ́ méjèèjì, ó dá a padà sínú omi. Ẹja náà ju ìrù lẹ́ẹ̀kan, ó fomi wẹ̀ ẹ́ lójú, ó lọ.

"Ọbẹ̀ ti lọ o!" ni Lùkmọ́nù ké.

"Èmi ò wá ọbẹ̀ wá," ni Magdalene wí. Ẹ̀rín ń pa á, omi odò àti omi ojú sì ń ṣàn pa pọ̀. Ó nu téèpù mọ́ ìpẹ̀kun aṣọ rẹ̀. "Tẹ orí rẹ wá síbí."

"Kí lẹ fẹ́ fi orí mi ṣe?"

"Fìlà Jímọ̀ rẹ tó ti gbó yẹn. Láti oṣù kẹta ló ti ń tì mí lójú."

"Aṣọ sùtánà lẹ fẹ́ fi rán fìlà fún Mùsùlùmí?"

"Funfun ni funfun. Dúró jẹ́ẹ́."

Láago méjì, mo wà nílé ìdáná nígbà tí mo gbọ́ ìró kan lókè. Mo pa iná ìkòkò kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Mo ṣílẹ̀kùn. Olúbùsọ́lá wà lórí àtẹ̀gùn, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ kejì bo ẹnu. Kò sí ẹni tó kanlẹ̀kùn nínú àwa méjèèjì. A dúró síbẹ̀ títí ẹ̀rọ fi rán ojú ìlà náà parí.

Mo ti fọwọ́ ara mi yẹ fìlà náà wò. Lápá òsì, ibì kan wà tí ojú ìrán ti yà kúrò lójú ìlà ní ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan. Magdalene fẹ́ tú u rán. Lùkmọ́nù já a gbà, ó dé e mórí, ó ń sáré sọ̀ kalẹ̀, ó ń wí pé, "Ẹ máa tú tiyín o, Ẹ̀gbọ́n!" Òun ló ń dé lọ kírun ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀.

Magdalene ní bí mo bá máa kọ ìtàn yìí, kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé apá òsì yà. Mo ti kọ ọ́.